Kí ẹ̀rọ má baà gba ìka ọmọ ọlọ́mọ: ìtọ́sọ́nà ààbò fún ilé búrẹ́dì kékeré

Aago méjì òru ni. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ la fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ń ti ìyẹ̀fun pípò sẹ́nu mílìn, ẹ̀rọ onírólà méjì tó máa ń tẹ ìyẹ̀fun títí á fi dán. Èmi wà nídìí tábìlì, mò ń gé e, mò ń wọ̀n ọ́n. N ò gbọ́ igbe kankan. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ohùn ẹ̀rọ yí padà, ó rẹlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Kí n tó gbójú sókè, ìyẹ̀fun funfun tó ń jáde lábẹ́ rólà ti ní ìlà pupa kan tín-ín-rín. Ara ògiri ni súwíìṣì wà, ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí ibi tí ọmọ náà dúró sí. Mo ṣì máa ń ka ìṣísẹ̀ mẹ́fà yẹn lójú oorun.

Orí ìka méjì ló bá a lọ. Ìbòrí irin tó yẹ kó wà lórí rólà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́, torí pé ó ń dá wa dúró nígbàkigbà tí a bá fẹ́ fọ ẹ̀rọ.

Ó ti lé ní ọdún 10 báyìí. Ọmọ náà ti di ọkùnrin, ó ti gba fíríídọ̀mù, ó sì ń ṣe búrẹ́dì tirẹ̀ ní Iléṣà. Láti ọjọ́ náà, ilé búrẹ́dì tí mo bá wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ì báà jẹ́ ní Ìlódè, ní Parákin tàbí lápá Modákẹ́kẹ́, ẹ̀rọ lojú mi kọ́kọ́ ń lọ bá kí n tó kí onílé. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni mo kọ síbí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ná mi ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan àti owó wẹ́dà lọ. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata, ẹ yí orúkọ ẹ̀rọ padà, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ rìn yí ilé iṣẹ́ yín ká nígbà tí iṣẹ́ ń lọ

Kì í ṣe lọ́jọ́ Àìkú tí a ti gbálẹ̀ tí gbogbo nǹkan dákẹ́. Bí òru lẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ lóru. Ẹ mú ìwé kékeré kan àti bírò. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín: kí ló lè gé ènìyàn níbí? Kí ló lè jó o? Kí ló lè wó lù ú? Kí ló lè gbé e láti inú wáyà? Kí ló ń wọ imú rẹ̀?

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tó kéré jù níbẹ̀, kí ẹ bi í ní òun nìkan, kí ọ̀gá kankan má dúró tì í. Nígbà tí mo ṣe tèmi, ọmọbìnrin tó ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá sọ fún mi pé òun máa ń di ojú òun tí òun bá fẹ́ yọ púlọ́ọ̀gì fáànù, torí pé ó máa ń ta iná. Oṣù mẹ́rin ló fi ń di ojú rẹ̀. Mo ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ẹ pín ohun tí ẹ bá kọ sí mẹ́ta: èyí tí a lè ṣe lónìí láìná kọ́bọ̀, èyí tí owó oṣù yìí ká, àti èyí tí a ó máa dá owó sí. Kí ẹ tó sùn, ẹ parí ti àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ tèmi, ti àkọ́kọ́ ni pé a gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kúrò lẹ́yìn ààrò, a sì kó igi ìdáná tó dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wákàtí kan ló gbà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ bo ẹnu ẹ̀rọ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù. Bí ẹ kò bá ṣe nǹkan mìíràn nínú ìwé yìí, ẹ ṣe èyí.

Ẹ pe wẹ́dà. Ẹ jẹ́ kó fi irin ṣe ìbòrí tí ìyẹ̀fun á lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kò ní lè gbà. Kó fi híńjì dè é mọ́ ara ẹ̀rọ, kó lè ṣí sókè tí ẹ bá fẹ́ fọ rólà, kó má sì ṣeé gbé lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Híńjì yẹn ni mi ò ní lọ́jọ́sí. Ìbòrí tó ṣòro láti yọ fún fífọ̀ ni òṣìṣẹ́ máa yọ tí kò sì ní dá padà, mi ò sì lè dá a lẹ́bi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìbòrí náà tó, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ mú igi kan tó nípọn tó ìka ọmọdé, ẹ dúró síbi tí òṣìṣẹ́ máa ń dúró sí, kí ẹ fi igi náà wá rólà. Bí igi bá lè kan rólà, ìka á kàn án. Ẹ dá wẹ́dà padà.

Súwíìṣì ńkọ́? Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná gbé bọ́tìnì pupa kan sí ara ẹ̀rọ, níbi tí ẹni tó ń ti ìyẹ̀fun á ti lè fi orúnkún tàbí ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tí rólà bá ti mú kò lè tẹ nǹkan kan mọ́, ọwọ́ kejì á sì máa fa èyí tó há. Míkísà náà ń fẹ́ tirẹ̀, àti ìdérí tó máa wà lórí agbada rẹ̀ nígbà tó bá ń yí. Bẹ́líìtì tó ń sáré lẹ́yìn ẹ̀rọ náà ń fẹ́ àwọ̀n irin.

Ní ti fífọ̀: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ọwọ́ tàbí àkísà nu rólà tó ń yí, ì báà jẹ́ pé ìyẹ̀fun ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ pa á. Bí ó bá ní púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ ọ́. Bí wọ́n bá dè é mọ́ ògiri, ẹ pa méènì, kí ẹ yọ fíúsì, kí ẹni tó ń fọ ẹ̀rọ sì fi fíúsì náà sápò ara rẹ̀. Kò ní sí ẹni tó máa ṣèèṣì tan ẹ̀rọ nígbà tí fíúsì bá wà lápò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Aṣọ apá gígùn, ìborùn, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, òrùka, aago ọwọ́, gbogbo rẹ̀ dúró sílé. Irun kó sínú fìlà. Ẹni tó bá wà nídìí mílìn kò gbé fóònù, a kì í sì í pè é láti ẹ̀yìn. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ, a ó rìn yí wá síwájú rẹ̀ kó rí wa.

Òfin ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Factories Act, fi dandan lé e pé kí a bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ tó ń yí, kí a má sì fi ẹni tí kò tíì kọ́ ewu rẹ̀ dáadáa sídìí ẹ̀rọ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má sọ pé fátírì ńláńlá nìkan ló bá wí. Ibi tí a ti gba ènìyàn síṣẹ́ láti ṣe ọjà tà wà nínú rẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ la wà. A mọ Òkè Mọ̀gún, ojúbọ Ògún, a sì mọ ohun tí Ọọ̀ni máa ń lọ ṣe níbẹ̀ nígbà Ọlọ́jọ́. Àwọn kan nínú wa ṣì máa ń ta epo sídìí ẹ̀rọ lọ́dọọdún. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún Ògún tọkàntọkàn kò ní fi ẹnu irin sílẹ̀ gbàgà níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kọ́kọ́rọ́, iná àti èéfín

Ẹ jẹ́ kí n ti orí kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀. Nítorí olè, ọ̀pọ̀ wa máa ń ti àwọn òṣìṣẹ́ òru mọ́lé láti ìta, ọ̀gá á sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lálẹ́ òní. Bí iná bá sọ nínú ilé tí a ti mọ́ wọn, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Ẹ lo ìdábùú irin tí wọ́n lè fà láti inú, láìlo kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, ó kéré tán, kí èkejì má sì di ibi ìkó-páànù-sí.

Jẹnẹrétọ̀: ìta ni ààyè rẹ̀, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ibòmíràn. Nínú èéfín náà ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà, carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀, oorun á tẹ̀lé e, ẹni náà lè má jí mọ́. Bí ènìyàn méjì nínú ilé kan bá ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wá Panadol. Ẹ kó gbogbo ènìyàn síta, kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Ààrò onígi náà ń tú afẹ́fẹ́ yìí, ẹ rí i pé ihò èéfín rẹ̀ kò dí. Ẹ má rọ bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ tàbí nígbà tó ṣì gbóná.

Ẹni tó ń lo gáàsì, kó gbé sílíńdà síta, kó dúró ṣánṣán, kó wà nínú àgò onírin tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rà lọ, ó lè kóra jọ sínú kòtò tàbí abẹ́ tábìlì, kó máa dúró de iná. Ẹ fi ọṣẹ tó ń hó pa gbogbo oríkèé rọ́bà. Níbi tí ìfófòó bá ti ń wú, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láé. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì nínú ilé, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á pẹ̀lú. Ẹ ti sílíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo ènìyàn jáde.

Ẹ̀rọ ìpaná, kí ó jẹ́ èyí tó ń tu ìyẹ̀fun kẹ́míkà (dry powder), kó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí a bá gbé e kọ́ sórí ààrò, iná ni kò ní jẹ́ kí a dé ìdí rẹ̀. Ẹ máa wo abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ lóṣooṣù, kó wà níbi àwọ̀ ewé. Lílò rẹ̀: ẹ fa píìnì, ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ìdí iná (kì í ṣe orí ọ̀wọ́ iná), ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ máa fì í lọ fì í bọ̀. Bí ó bá tán tí iná kò kú, ẹ sá jáde kí ẹ sì pe 112. Garawa yanrìn méjì dára pẹ̀lú. Omi kì í ṣe fún iná epo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fún iná wáyà. Eérú ààrò, inú garawa onírin ni kẹ́ ẹ dà á sí, torí ẹ̀yinná lè sùn sínú rẹ̀ di òwúrọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Fúláwà náà léwu

Ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì ò gbà mí gbọ́ lórí èyí. Fúláwà tó fò sínú afẹ́fẹ́ lè bú gbàmù bí ó bá pàdé iná. Ní ìlú Turin ní ilẹ̀ Ítálì, ní oṣù Kejìlá ọdún 1785, ọmọkùnrin kan ń kó fúláwà nínú ilé ìkẹ́rùsí oníbúrẹ́dì kan, fìtílà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fúláwà ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, eruku rẹ̀ kún ilé, iná fìtílà mú un, ó sì bú. Ojú àti apá ọmọ náà jó. Nítorí náà, kò sí àbẹ́là, kò sí sìgá, kò sí ìṣáná níbi tí ẹ ti ń sẹ́ fúláwà.

Ìpalára tó ń ṣe lójoojúmọ́ kò ní ariwo. Eruku fúláwà máa ń fa ikọ́ fée (asthma) sára àwọn oníbúrẹ́dì. Bí òṣìṣẹ́ yín bá ń wúkọ́ níbi iṣẹ́, tí ara rẹ̀ ń yá lọ́jọ́ ìsinmi, iṣẹ́ ló ń ṣe é, ẹ má pè é ní otútù. Ẹ má da àpò fúláwà láti òkè, ẹ gbé ẹnu àpò súnmọ́ agbada, kí ẹ rọra tú u. Ẹ fi àkísà tútù nu tábìlì, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ ra ìbòmú tó ń dí eruku, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀.

Àpò fúláwà jẹ́ kílò 50. Ènìyàn méjì ló ń gbé e. Ilẹ̀ tó bá tutù tàbí tí òróró dà sí, ẹ nù ún kíákíá. Bàtà tó bo ọmọ ìka ni a ń wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ọ̀rọ̀ ibí yìí kò gùn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ta ló ń ṣiṣẹ́ fún yín, ìwé wo lẹ sì ní?

Òfin òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ẹni tí kò sì tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ òru níbi iṣẹ́ bíi tiwa. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ìyá kan á mú ọmọ ọdún 13 wá láti oko, á kúnlẹ̀, á ní kí ẹ bá òun kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ gbà á lọ́sàn-án lẹ́yìn ilé ìwé, kó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń di búrẹ́dì, bí wọ́n ṣe ń kọ ìṣirò ọjà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ń dúró dè é, kò ní sá lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìwé NAFDAC yín pé, ẹ má sì fi pọtásíọ̀mù brómétì, èròjà tí wọ́n fi ń mú búrẹ́dì wú, kan fúláwà, torí a ti fi òfin dè é. Bí wolé-wolé bá dé, ẹ má sá. Ẹ mú un rìn yí ilé ká, kí ẹ sì béèrè ohun tó rí. Lọ́dún kan, wolé-wolé ló fi hàn mí pé òrùlé tó wà lókè ihò èéfín wa ti ń dúdú látinú.

Èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ gbọ́ ni ti NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa, Employees' Compensation Act, ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún wọn. Bí àpapọ̀ owó oṣù yín bá jẹ́ ₦400,000, ₦4,000 ni. Ẹ kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà wà lábẹ́ òfin yìí. Ká ní mo ti mọ̀ lọ́dún náà, kì bá tí jẹ́ pé owó tí mo fẹ́ fi ra ààrò tuntun ni mo kó lọ sílé ìwòsàn, tí ìyá ọmọ náà sì tún ń ta aṣọ rẹ̀ kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹnìkan bá farapa

Ẹ ní àpótí kan tí gbogbo ènìyàn mọ ibi tó wà, tí a kì í tì. Báńdéèjì, òwú mímọ́, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àlùmọ́gàjí, ọṣẹ, àti ìwé tí nọ́ńbà awakọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lóru wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ panápaná àdúgbò yín sára ògiri pẹ̀lú ọ̀dà.

Iná jó ni? Omi tútù tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 20 gbáko. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ògì, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹ yọ òrùka kí ọwọ́ tó wú. Ẹ má bẹ́ ohun tó bá lé róró.

Ẹ̀jẹ̀ ń dà? Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ gbé ọwọ́ náà sókè, ẹ má ṣí i wò léraléra.

Ìka gé? Lóru tiwa, ẹnìkan da kẹrosíìnì sójú egbò, ẹlòmíràn fi bébà ìwé ìròyìn di ohun tó gé. A kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ nìyí: ẹ fi aṣọ mímọ́ tó rin díẹ̀ di í, ẹ kó o sínú ọ̀rá tó mọ́, ẹ so ọ̀rá náà pa, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà lé orí yìnyín. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ìka fúnra rẹ̀. Ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tààrà, OAUTHC fún àwa tí a wà ní Ifẹ̀, Wesley Guild fún àwọn ará Iléṣà. Ẹ má yà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì.

Iná gbé ènìyàn? Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa méènì. Bí kò bá sí ọ̀nà, ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí ara bá ti balẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó rí i, ohun tí a ṣe. Òfin 2010 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, àti ọdún kan láti béèrè owó. Ẹ kọ àwọn tí kò pa ènìyàn lára náà: páànù tó já bọ́ tí kò ba ẹnikẹ́ni, wáyà tó ta iná. Nínú ìwé tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni páànù já bọ́ láti orí pẹpẹ kan náà nínú oṣù kan. A gé ẹsẹ̀ pẹpẹ náà kúrú.

Kí a tó tan ẹ̀rọ lálaalẹ́

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa á dúró nídìí mílìn, ẹni tó kéré jù ló máa ń béèrè, ẹni tọ́rọ̀ kàn á sì lọ fọwọ́ kan nǹkan náà kó tó dáhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

“Ìbòrí ńkọ́?”
“Ó ti dé.”

“Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́?”
“Ó ń ṣí.”
“Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?”
“Ìta ló wà.”
“Ta ni fíúsì wà lọ́wọ́ rẹ̀?”

Ẹni náà á mú un jáde látinú àpò, a ó rí i, á sì dá a padà sáyè rẹ̀. Ìbéèrè ìkẹyìn ló kù: “Bọ́tìnì ńkọ́?” A ó tan ẹ̀rọ, a ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, á kú.